Bí a ṣe ń yẹ ilé etí òkun wò: ìtọ́sọ́nà fún ará Èkìtì tó fẹ́ ra ilé ní Èkó

Ọ̀rọ̀ ilé etí òkun ti wọ agboolé wa ní Èkìtì báyìí. Ọmọ wà ní Èkó, ó ti rí dúpúlẹ́ẹ̀sì kan ní Ajah tàbí ní Ìbẹ̀jú, ó wá ń bẹ bàbá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba gírátúítì pé kó bá òun fi owó díẹ̀ kún un. Wọ́n á wá wá àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Adó wá, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ wò ó." Ohun tí mo máa ń wò ni mo fẹ́ kọ síbí, bí mo ṣe ń tò ó tẹ̀léra, kí ẹni tí kò rí ẹni mú lọ lè fojú ara rẹ̀ yẹ ilé náà wò, kó sì mọ ibi tó ti yẹ kó pe ẹnjiníà.

Ojú tí a fi ń wo ilé lọ́dọ̀ wa kò tó fún tọ̀hún. Bí o bá ń wa ìpìlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ òkè Olósùnta níbẹ̀, dígà kì í wọlẹ̀ jìnnà kó tó kan àpáta. Adó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 300. Bí òjò bá rọ̀ tán, omi á wá àfonífojì gbà lọ. Ìjì tó ń ká páànù, ikán, àti àgbàrá tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àwọn wọ̀nyẹn ni ọ̀tá ilé wa. Ní Lẹ́kí, apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga tó mítà 5 ju òkun lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà tí wọ́n da yanrìn bò kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ àti omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń pa ilé níbẹ̀, wọ́n sì ti máa ń ṣiṣẹ́ jìnnà kí ó tó hàn lójú ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ilé ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, irin ni mo sì máa ń wò jù.

Kí ẹ tó gbéra

Láti Adó níbí lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an lórí máàpù lọ́wọ́ ejẹ́ńtì, kí ọmọ yín ṣí Google Earth lórí kọ̀ǹpútà, kó sì wo àwòrán ọdún àtijọ́ ti ibẹ̀. Ó máa ń fi ọdún kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ ó rí i bóyá àbàtà ni tẹ́lẹ̀, bóyá odò kékeré kan gba ibẹ̀ kọjá rí, àti bí etí òkun ṣe ń sún mọ́ ilé. Bí àwòrán bá fi hàn pé omi ló wà níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, ìbéèrè yín ti pọ̀ sí i kí ẹ tó wọkọ̀.

Ẹ yan ọjọ́ dáadáa. Oṣù Kẹfà ni òjò Èkó máa ń le jù, ó sì tún máa ń gbára jọ ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, ẹ ti rí ìdajì ohun tí ẹ ń wá. Ejẹ́ńtì á fẹ́ kẹ́ ẹ wá ní oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, tí ọ̀dà tuntun ń dán. Bó bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó lọ́la, ẹ jẹ́ kẹ́ni náà san án. Mi ò rí ilé kan tó tọ́ kí èèyàn tìtorí rẹ̀ sanwó láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dání, hámà kékeré, ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀, ìgò méjì tó mọ́, àti rọ́bà funfun gígùn tí bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ̀ẹ́lì. Ojúmọmọ ni kẹ́ ẹ lọ.

Àdúgbò ṣáájú ilé

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òpópónà, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ohun tí àwọn aládùúgbò ti ṣe sí ilé tiwọn á sọ ohun tí ejẹ́ńtì ò ní sọ. Ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ìdènà sẹ́nu ọ̀nà, tí èèyàn ní láti gbẹ́sẹ̀ ré e kọjá kó tó wọlé, omi ni wọ́n ń dí. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé ka orí pèpéle kọnkéré tó ga dé orúnkún, omi ni wọ́n ń sá fún. Bí ẹ bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó sún mọ́ àyà èèyàn dípò ìsàlẹ̀ ògiri, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tò gbogbo ọjà rẹ̀ sórí pákó gíga láìfi nǹkan kan sílẹ̀, ẹ má kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara fẹ́ǹsì lẹ́yìn náà. Ìlà ẹrẹ̀ tó lọ gbọọrọ, tó dọ́gba láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ibi tí omi dúró sí nìyẹn. Ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀. Ẹni tó ń ta ilé lè kun fẹ́ǹsì tirẹ̀, kò lè kun ti gbogbo àdúgbò.

Ẹ wá bá àwọn tó ń jókòó síta láti àárọ̀ dalẹ́: alákàrà, mègádì, ẹni tó ń lẹ táyà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé omi máa ń yalé níbí?" nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ ba àdúgbò rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Mà, nígbà òjò, ibo lẹ máa ń gbé ọkọ̀ sí?" Màmá alákàrà kan dá mi lóhùn pé, "Bùọ̀dá, òjò nìkan ò le. Tí ọ̀sà bá kún, tí òjò wá bá a lórí kíkún, ìgbà yẹn la máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí tábìlì." Màmá yẹn ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ tán. Inú ọ̀sà ni kánààlì ń da omi sí, bí ọ̀sà bá sì ti kún dé ẹnu kánààlì, omi òjò ò ríbi lọ, ó di kó padà sí ojú títì àti inú ilé. Ìdí nìyí tí àdúgbò kan fi lè gbẹ lẹ́yìn òjò ńlá, kí omi sì bò ó lẹ́yìn èyí tí kò tó o.

Ẹ rìn dé kánààlì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ṣé omi rẹ̀ ń lọ àbí ó dúró? Ṣé ìdọ̀tí àti koríko ti dí i? Ṣé ẹnìkan ti kọ́lé lé e lórí? Bí ẹ bá rí ilé tí ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ X sí lára, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti wó ọ̀pọ̀ ilé tó dí ojú ọ̀nà omi ní agbègbè Lẹ́kí, títí kan ilé olówó ńlá.

Ẹsẹ̀ ilé àti ògiri

Ẹ rìn yí ilé ká láti ìta kí ẹ tó wọlé. Bí ìntálọ́ọ̀kì bá ti já kúrò lára ògiri, tí àlàfo wà níbi tó yẹ kí wọ́n ti pàdé, ilẹ̀ ń rì níbẹ̀. Fẹ́ǹsì tó fara gbún àti pèpéle àbáwọlé tó yà kúrò lára ilé ń sọ ohun kan náà.

Lẹ́yìn náà, sísán ògiri. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, tó wà lójú pílásítà nìkan, kò yẹ kó dẹ́rù bani. Èyí tó ń gun àtẹ̀gùn lára ògiri, tó ń tẹ̀lé oríkèé búlọ́ọ̀kù láti igun fèrèsé, tí owó irin lè wọ inú rẹ̀, ìyẹn fi hàn pé apá kan ilé ń rì ju apá kejì lọ. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tì wọ́n. Èyí tí wọ́n ti fi randa fá lórí kó tó lè tì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Rọ́bà funfun tí ẹ mú dání ló ń dá ẹjọ́ náà. Ẹ rọ omi sí i kí ó kù díẹ̀ kó kún, ẹ fọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹnìkan á di orí kan mú sí igun ilé kan, níbi ìlà táìsì ẹsẹ̀ ògiri, ẹnìkejì á gbé orí kejì lọ sí igun kejì. Bí omi bá ti dúró, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ìlà táìsì ní igun méjèèjì. Ó yẹ kí wọ́n dọ́gba. Ọwọ́ bíríkìlà lè ṣì díẹ̀ nígbà tó ń lẹ táìsì, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré kò túmọ̀ sí nǹkan. Bó bá ju ìka méjì lọ, tí ògiri tún sán lọ́nà tí mo sọ yẹn, ẹ má ra ilé náà láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti wò ó.

Ẹ béèrè irú ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a ń wa lábẹ́ ògiri nìkan, tó ń gbé ilé wa ní Ìjerò àti Ìkọ́lé láìyẹsẹ̀, kò ní agbára lórí àbàtà tí wọ́n fi yanrìn bò. Ráàfù, ìyẹn kọnkéré onírin tó tẹ́ sábẹ́ gbogbo ilé, tàbí pàìlì, ìyẹn òpó tí wọ́n rì wọlẹ̀ jìnnà, ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀. Kí onílé mú àbọ̀ àyẹ̀wò ilẹ̀ àti páálí àwòrán irin ilé náà jáde. "A walẹ̀ jìn dáadáa" kì í ṣe ìdáhùn.

Ní ti ọ̀rinrin, ẹ tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri láti ilẹ̀ dé ìbàdí. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń fà gòkè nínú búlọ́ọ̀kù, tó bá sì gbẹ, á fi ìyẹ̀fun funfun sílẹ̀ lójú ògiri, ọ̀dà á máa ṣí. Iyọ̀ ni funfun yẹn. Àwọn tó ń ta ilé mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́: wọ́n á lẹ táìsì yí ìta ilé ká dé orúnkún, tàbí kí wọ́n kun ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ fi ìdí hámà kan táìsì náà jẹ́jẹ́, ẹ ó gbọ́ ibi tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ̀yìn ti ògiri ìta, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn inú rẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí kun ibẹ̀.

Irin

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti orí òkun ń gbé iyọ̀ wá, á bà sára ilé, ìrì á yọ́ ọ, á sì máa rìn wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan irin. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ògùn-ún yẹn sì máa ń gba ààyè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà irin tó jẹ, kọnkéré ò sì ní ibi tí yóò sún sí, ó di dandan kó là. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó gbà là ló ń jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é: ó máa ń lọ tààrà, ní ìtòsí ibi tí irin wà, lóòró lára òpó tàbí lọ́gbọọrọ lábẹ́ bíìmù, àbàwọ́n àwọ̀ ilẹ̀ sì máa ń ṣàn wálẹ̀ látinú rẹ̀.

Ẹ lọ sábẹ́ báńkóní, abẹ́ àtẹ̀gùn, àti abẹ́ dẹ́kìn ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, níbi tí wọn ò ti fi POP bo nǹkan kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú tó wú lè hàn. Ẹ fi hámà kàn án: kọnkéré tó dára á dún gbọnyin, èyí tó ti ṣí kúrò lára irin á dún bí ohun òfìfo. Bí irin bá ti hàn síta, ẹ fi ẹnu hámà ha á. Bó bá ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo igi ògbólógbòó, irin tó kù nínú rẹ̀ ò tó èyí tí wọ́n sanwó fún mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n lẹ̀ ní sìmẹ́ńtì tuntun. Ẹni tó lẹ kọnkéré láìgbẹ́ ẹ dé ẹ̀yìn irin, láìha irin náà mọ́, ti bo egbò tó ṣì ń jẹ lọ ni.

Ìwọ̀n kọnkéré tó bo irin náà ṣe pàtàkì. Lọ́dọ̀ wa, bíi mílímítà 25 ló sábà máa ń tó fún irin inú ilé, kò sì sí iyọ̀ tó ń lé e. Létí òkun, ó yẹ kó tó 50 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà tí wọ́n bá mú láti òkè wá, tó ń ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n nílé, á fi irin sún mọ́ ìta jù. Ìbéèrè kejì ni ibi tí yanrìn ti wá. Yanrìn etí òkun tí wọn ò fi omi tó dára ṣàn ti gbé iyọ̀ wọ inú búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn láti ọjọ́ kìíní, kò dúró de afẹ́fẹ́. Ojú lásán ò lè rí ìyẹn. Ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ilé kíkọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó wà, wọ́n ń yẹ kọnkéré àti ilẹ̀ wò, owó tí ẹ bá san níbẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé.

Ìhà gúúsù ilé, èyí tó dojú kọ òkun, ni kẹ́ ẹ fi wé ìhà àríwá. Ẹ wo ìdè ilẹ̀kùn, irin ojú fèrèsé, ìdè géètì. Bí ti gúúsù bá ti jẹ tán nínú ilé tí wọ́n ní kò tíì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ, ẹ mọ bí iyọ̀ ibẹ̀ ṣe le tó, ẹ sì mọ ohun tí ẹ ó máa ná lórí ọ̀dà irin lọ́dọọdún. Ẹ fi ojú sí ìdúró tánkì omi gan-an. Ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, àti ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Tánkì lítà 2,000 tó kún wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì; ó wà lókè orí àwọn ọmọ tó ń ṣeré nísàlẹ̀.

Òrùlé àti iná

Páànù onírin tó ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa kì í pẹ́ létí òkun. Ẹ béèrè bóyá alumíníọ́mù ni, àti bó ṣe nípọn tó, mílímítà 0.55 sàn ju 0.45 lọ dáadáa. Kí ẹnìkan gun òkè lọ wo orí ìṣó àti súkúrúù, nítorí páànù lè dára kí ìṣó irin lásán tó dè é mọ́lẹ̀ ti jẹ, kí ìjì sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Síìlì PVC kì í gba àbàwọ́n omi, nítorí náà òrùlé lè máa jò kí ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní.

Kí rewáyà pa iná, kó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní ìhà òkun. Bí wáyà bàbà bá ti di àwọ̀ ewé, owó wáyà tuntun wà nínú iye tí ẹ ó ná.

Omi mímu àti sọ́kàwéè

Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi kí ó ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó bu sínú ìgò méjèèjì. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ nínú rẹ̀: omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó dáadáa. Ẹ fi ìgò kan sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá di pupa rúsúrúsú, irin ló wà nínú omi náà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ẹ á wọ ìnáwó yín. Ẹ gbé ìgò kejì lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ohun tí ẹ ó ní kí wọ́n wò ni chloride, èyí tó ń fi bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó hàn. Bó bá ti kọjá míligíráàmù 250 nínú lítà kan, ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, irin páìpù náà á sì mọ̀ ọ́n. Kànga tí kò jìn létí òkun máa ń bá omi iyọ̀ pàdé. Ẹ béèrè bí ihò borehole ṣe jìn tó, kí ẹ sì bi aládùúgbò náà.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí sọ́kàwéè. Mo mọ̀ pé kò dùn ún wò. Bí omi bá ti kún dé ìtòsí ìdérí, tí ilé sì ṣófo, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, omi abẹ́ ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, omi ìgbọ̀nsẹ̀ ilé yín ò sì ní ibi tí yóò máa fà sí nígbà òjò. Ẹ tú omi gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ń padà. Ó yẹ kí borehole jìnnà sí sọ́kàwéè tó mítà 30. Lórí ìdajì pulọ́ọ̀tì, èyí kì í ṣeé ṣe, ti aládùúgbò sì tún wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, nítorí náà ẹ má mu omi ibẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò àrùn.

Òkun fúnra rẹ̀, àti ìwé

Òkun ń jẹ ilẹ̀. Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó tó bá wa pààlà, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ni. Òkun ti gba ilé àti òpópónà púpọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2012, ìgbì gbé èèyàn lọ ní etí òkun Kuramo ní Èkó. Bí ilé tí ẹ ń wò bá sún mọ́ etí òkun, ẹ wá àgbà apẹja kan ní abúlé tó sún mọ́ ibẹ̀, kó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi dé nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn bí omi ti ṣe rìn wọlé tó.

Ní ti ìwé, ẹ gba ẹ̀dà sùwéè, kí sùwéyọ̀ tiyín, tí ejẹ́ńtì ò mú wá, gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, kó wò ó bóyá ilẹ̀ náà wà lójú ọ̀nà kánààlì, lórí ilẹ̀ ìjọba, tàbí lójú ọ̀nà títì Èkó sí Calabar tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2024, tí ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé kọjá. Ẹ béèrè ìwé ìyọ̀ǹda ìkọ́lé, àti ìwé ẹ̀rí pé ilé náà yẹ fún gbígbé, èyí tí LASBCA, ilé iṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, máa ń fúnni. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021 pa èèyàn tó lé ní 40. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé lásán ni.

Nígbà tí ẹ bá padà sí Adó

Ẹ to ohun tí ẹ rí sí ọ̀nà méjì. Wáyà, ìṣó òrùlé, ìdè ilẹ̀kùn, ìdúró tánkì, ẹ̀rọ ìsẹ́mi: owó lè tún wọn ṣe, ẹ yọ owó náà kúrò nínú iye ilé kí ẹ tó dúnàádúrà. Ilé tó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, òpó àti bíìmù tí irin inú wọn ń jẹ, àdúgbò tí omi ń bò lọ́dọọdún, àti ilẹ̀ tó wà lójú kánààlì: ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó. Èyí tó bá wà láàárín, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ni kó sọ ti rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú fọ́tò. Bí onílé bá ń fẹ́ owó ìdúró kí ẹnjiníà tó dé, kí lọ́yà yín kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo owó náà á padà láàárín ọjọ́ 14 bí àbọ̀ ẹnjiníà bá fi hàn pé ilé náà ń rì, tàbí pé irin rẹ̀ ń jẹ. Onílé tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.